Kúgẹ̀lì Tó Kẹ́yìn Nínú Fírísà

Ìbíwùmí gbé àpótí ìjókòó wọ inú fírísà ilé rẹ̀, ó sì jókòó ti kúgẹ̀lì. Fírísà náà ní fèrèsé kan àti kápẹ́ẹ̀tì pupa. Ẹ má bi mí bí obìnrin tó sanra tó Ìbíwùmí ṣe wọ ibẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ ni. Aṣọ àwọ̀sùn ló wà lọ́rùn rẹ̀, òtútù kò sì mú un.

Kúgẹ̀lì náà, oúnjẹ pòtétò àwọn Júù, wà nínú páànù rẹ̀. Ọ̀rá ni wọ́n kọ́kọ́ fi wé e, kí wọ́n tó fi fóìlì bò ó, bí Màmá Fréìdà ṣe dì í gan-an nìyẹn. Ọmọ Júù ni Màmá Fréìdà, ojúlé tó kọjú sí ti Ìbíwùmí ló ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ Ẹtì kì í yẹ̀ kí ó má rin pòtétò àti àlùbọ́sà, kí ó pò ó mọ́ ẹyin àti òróró, kí ó sì yan án títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, tí á máa dún kàrà-kàrà lẹ́nu. Màmá Fréìdà ti kú. Èyí tó wà nínú fírísà yìí ló sè kẹ́yìn. Ìbíwùmí kò jẹ ẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, torí bí ó bá ti tán, ọwọ́ Màmá Fréìdà tán láyé nìyẹn.

"Yìnyín ti ń hù lára mi," ni kúgẹ̀lì wí.

"Fara balẹ̀," ni Ìbíwùmí dá a lóhùn. "Ibi tí o wà dáa."

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Màmá Fréìdà ló wọlé, ó so gèlè kékeré rẹ̀ mọ́rí, ó fa báàgì ọjà rẹ̀ onítáyà lọ́wọ́. Yorùbá ló ń sọ, ó sì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ìbíwùmí kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Màmá." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé òkú ni obìnrin náà.

"Ọ̀nà jìn, Ìbí mi. Ebi ń pa mí."

Ìbíwùmí ní ìrẹsì wà, ẹ̀wà wà, búrẹ́dì wà. Màmá Fréìdà mi orí. Ó ní kúgẹ̀lì òun lòun fẹ́.

"Ó ti tán, Màmá," ni Ìbíwùmí wí.

Kúgẹ̀lì wúkọ́ nínú fóìlì.

Màmá Fréìdà kò bínú. Ó kàn tọ́ka sí fèrèsé. Ọjọ́ Ẹtì ni, oòrùn sì ti ń rẹlẹ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ ìsinmi wọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná nítorí òun títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi ṣú. Bí wọn kò bá gbé oúnjẹ náà kaná báyìí, ebi ni òun máa gbé padà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, kò sì sí bí Ìbíwùmí ṣe lè lé àlejò tí ebi ń pa lọ. Ó gbé páànù náà mọ́ àyà, ó jáde, Màmá Fréìdà sì tẹ̀lé e.

Ilé ìdáná ti gùn tó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ìyá Ìbíwùmí, tí wọ́n ti sin sí Ìlá tipẹ́tipẹ́, ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ààrò gáàsì.

"Ó ti lọ, ó tún padà nítorí oúnjẹ!" ni ìyá náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Gbé e wá, ọmọ mi. Bò ó dáadáa kí ooru lè mú un."

"Ta ló ní kí ó bò ó?" Màmá Fréìdà fi báàgì sílẹ̀. "Bí ó bá bò ó, omi á sẹ̀ sí i lójú, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀."

"Ta ló ń ṣí mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ lórí iná?"

"Mọ́ínmọ́ín kọ́ nìyí!"

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi dé ojú fèrèsé, tó sì fẹ́ kọjá. "Ìwọ, jókòó," ni ìyá Ìbíwùmí sọ fún un, "wàá jẹun." Oòrùn jókòó sórí férémù fèrèsé. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbọ́ òórùn oúnjẹ yìí lọ́jọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó pe òun rí.

Ìbíwùmí kò dá sí ìjà àgbà. Ó ya ọ̀rá kúrò, ó dá fóìlì padà lé e, ó gbé páànù sínú ààrò. Nígbà tí kúgẹ̀lì gbóná dénú, ó ṣí fóìlì kúrò kí ojú rẹ̀ lè gbẹ. Òórùn àlùbọ́sà gba gbogbo ilé. Ìyá kọ̀ọ̀kan ní òun lòun borí.

Wọ́n gé e, wọ́n jẹ ẹ́. Oòrùn bu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò tijú. Ó wá ku ẹyọ kan, Ìbíwùmí sì yára na ọwọ́ sí fóìlì láti dì í padà.

"Rárá o," ni Màmá Fréìdà wí. "Èyí tí a ti gbé kaná kì í padà sínú yìnyín." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un, ó fi í sí Ìbíwùmí lẹ́nu. Ó dún kàrà-kàrà. Ìbíwùmí ń sunkún, ó ń jẹun, ó sì dùn mọ́ ọn títí ó fi gbé e mì.

Nígbà tó gbójú sókè, ògiri ilé ìdáná ti lọ. Oko pòtétò ló wà níbẹ̀, ó tanná funfun lọ rẹrẹ. Àwọn ìyá méjèèjì ń lọ láàárín ebè, wọ́n ń jiyàn lórí ọmọrí ìkòkò, oòrùn sì ń rọra tẹ̀lé wọn bí ẹni tó yó.

"Màmá!" ni Ìbíwùmí ké. "Àlùbọ́sà mélòó ni ẹ máa ń fi sí i?"

Màmá Fréìdà kò wẹ̀yìn. "Máa rin ín ná. Ojú rẹ á sọ fún ọ."

Ìbíwùmí wo ọwọ́ rẹ̀. Irin tí a fi ń rin ilá ló wà níbẹ̀, ó sì ti rin pòtétò àkọ́kọ́ dé ìdajì.