Ìpín Táyé

Kẹ́yìndé mú ègé kan nínú àpò tirẹ̀, ó fi sí ààyè rẹ̀ lórí pákó, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó wá ń dúró. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, Mojọlá ìyá rẹ̀ ń wò ó; ẹ̀wà tó gbé kaná ń hó dànù, kò tilẹ̀ bìkítà. Ó mọ̀ pé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ọmọ náà kò ní fi òmíràn sí i. Bó bá di àárọ̀ ọ̀la, yóò yọ ẹyọ kan náà, yóò dá a padà sí ibi tó ti yọ ọ́, yóò tún máa dúró. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé.

Ohun tó ń tò yìí, àwòrán kan tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sí igba ègé ni. Ògúnyẹmí, baba rẹ̀, ló rà á ní ọjà Anié, lórí òkìtì ẹrù àlòkù Òyìnbó tí oníṣòwò kan, Sàlísù, máa ń tú sílẹ̀, ó sì gbé e wá sí Akparé fún ìbejì rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án. Rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló wà nínú àwòrán náà, irú èyí tí ọmọ aráyé kọ́kọ́ fi ń dán an wò bóyá ènìyàn lè lọ sí ojú ọ̀run kó sì padà wá. Ẹni tó yà á la ikùn rẹ̀ bí ẹni la ẹja, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara ìfun kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ní èdè tí olùkọ́ wọn pàápàá kò lè kà. Eré ọmọdé ni Òyìnbó pe gbogbo wàhálà yìí.

Ọjọ́ tí ẹrù náà wọlé, díẹ̀ ló kù kí àwọn ọmọ ya aṣọ mọ́ ara wọn lọ́rùn. Ni Mojọlá bá ṣe bí ìyá ìbejì ti ń ṣe: ó ka ọgọ́rùn-ún fún Táyé, ó ka ọgọ́rùn-ún fún Kẹ́yìndé, ó rán àpò méjì, ó sì là á sílẹ̀ pé bí ọ̀kan bá fi ẹyọ kan sí i, kí ó dúró kí ìkejì fi tirẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ tó ti bí wọn ló ti ń pín nǹkan báyẹn: ẹran, bàtà, àní ìgbátí pàápàá. Wọ́n ti tò ó dé ìdajì nígbà tí ibà gbé àwọn méjèèjì dè lẹ́ẹ̀kan náà.

Òjò ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ọlọ́kadà zémì kan ṣoṣo ló gbà láti jáde, òun náà sì ní odò ti kún, òun kò lè gbé ju ìyá kan àti ọmọ kan lọ, òun yóò padà wá gbé ìkejì. Ara Kẹ́yìndé ló gbóná jù. Mojọlá gbé e, wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn ní Atakpamé, ó fi Táyé sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́kadà fi padà dé, kò sí ẹni tí yóò gbé mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ Mojọlá nínú bí ikán ti ń jẹ òpó ilé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló yẹ kó pín ara rẹ̀ sí méjì, kò sì rí i pín.

Olúgbódi, ìyá ọkọ rẹ̀, ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Táyé kú, ìbejì kì í kú; Táyé lọ ṣẹ́gi ni. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ère, ó gbé e sórí pẹpẹ ní igun yàrá, ó ń fún un ní ẹ̀wà, ó sì gbé àpò ègé Táyé tì í. Ó kìlọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá gba ìpín rẹ̀, inú lè bí i, kó wá pe Kẹ́yìndé kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣẹ́gi. Ìkìlọ̀ yìí ló de Mojọlá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Kẹ́yìndé kò jẹun mọ́ ju òkèlè kan lọ, ó kọ̀ kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, egungun àyà rẹ̀ sì ti ń yọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún yìí, Ògúnyẹmí ti fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ó ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kí wọ́n má torí èyí tó lọ pàdánù èyí tó kù. Bó ti nawọ́ sí pákó náà, Kẹ́yìndé kò ké, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó kàn dùbúlẹ̀ lé e lórí. Baba náà jáde lọ sóko, ó gbàgbé ọkọ́ sílé.

Mojọlá sọ ìkòkò ẹ̀wà kalẹ̀, ó lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀.

"Jẹ́ kí n bu ẹ̀wà fún ọ."

"Ó kan Táyé."

"Táyé lọ ṣẹ́gi, ọmọ mi."

Kẹ́yìndé gbójú sókè wò ó. "Màmá, kò lọ ṣẹ́gi. Mo mọ̀. Èmi ni ẹ gbé."

Ẹkún tí Mojọlá ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sun ún níwájú ọmọ, kò fi aṣọ bojú.

"Ìwọ ni mo gbé," ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Mo fẹ́ padà wá gbé òun náà."

"Mo ti gba ti Táyé lẹ́ẹ̀kan," ni ọmọ náà wí. "Mi ò ní gbà á mọ́."

Mojọlá dìde, ó kọjú sí pẹpẹ. Olúgbódi, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bi í pé kí ló fẹ́ ṣe.

"Màámi, ẹ má bínú," ó dáhùn. "Mi ò gba ìpín rẹ̀. Mo fẹ́ bá a fi sí i ni."

Ó gbé ère náà sọ̀kalẹ̀, ó mú àpò dání. Ó jókòó sórí ẹní ní òdìkejì Kẹ́yìndé, ó gbé ère sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ti máa ń gbé Táyé nígbà tó bá ń dirun fún un. Ó mú ègé kan, ó fi síbí, kò wọlé. Ó yí i, kò wọlé. Kẹ́yìndé ń wò ó.

"Táyé náà máa ń ṣì í síbẹ̀," ó wí. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó fà á lọ sí ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì, ègé náà sì wọlé. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀kan nínú àpò tirẹ̀, ó fi sí i.

Olúgbódi dìde. Ó bu ẹ̀wà sí àwo méjì, ó gbé ọ̀kan síwájú ère, ó gbé ìkejì síwájú ọmọ. Kẹ́yìndé fa àwo náà mọ́ra.

"Ó kan Táyé," ó wí, ẹ̀wà kún ẹnu rẹ̀.

Mojọlá tún ki ọwọ́ bọ àpò.