Ibi Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kò Tíì Dé

Etí ọ̀tún nìkan ni Kasuba fi ń gbọ́ràn. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa ń fi lélẹ̀ bí ó bá sùn, kí etí tó yè lè wà lókè, kí ó lè gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ọkọ náà tó dé orí ibùsùn.

Zakeyo Nzima lorúkọ ọkọ rẹ̀. Ọmọ Ngoni ni, láti ìhà Chipata. Ó ti fi ọkọ̀ àjàgbé kó àgbàdo yí gbogbo Zambia ká kí orúnkún tó dá a jókòó sí Kabwe. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn ún ni ó ti ń fi kùmọ̀ àwọn baba rẹ̀ ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Kùmọ̀ ogun ni, igi dúdú, orí rẹ̀ tóbi tó ìkúùkù. Kasuba ní tirẹ̀, ọmọ Bemba ni, Samfya ni wọ́n bí i sí, létí adágún Bangweulu.

Bí Ngoni bá fẹ́ Bemba ní ọ̀dọ̀ wa, ilé náà kì í ṣàìní ẹ̀rín. Àwọn baba ńlá wọn ti bá ara wọn jagun títí ó fi sú wọn, wọ́n wá sọ ogun náà di ẹ̀fẹ̀, chimbuya ni à ń pè é. Ngoni á pe Bemba ní ẹrú rẹ̀, ajọ̀bọ, ẹni tó ń jẹ ọ̀bọ. Bemba á pe Ngoni ní ajẹ̀kúté. Wọ́n á já ẹran gbà nínú àwo ara wọn, wọ́n á bú ara wọn níwájú òkú pàápàá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Ẹni tó bá bínú ni òmùgọ̀.

Bí Kasuba bá ti jáde láàárọ̀ tí ojú rẹ̀ wú, Nzima á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á sì ké sí àdúgbò pé, "Ẹ kú àárọ̀ o. Mo na ẹrú mi lánàá, ó jí ẹran jẹ!" Àdúgbò á bú sẹ́rìn-ín. Kasuba náà á rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà Nsofwa ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìyàwó kí ó tó wọlé ọkọ, ohun tó sì sọ fún un ni pé ọ̀rọ̀ inú ilé kì í gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ìgbà kan ṣoṣo ni Kasuba gbìyànjú. Ó sọ fún Bwembya, aládùúgbò wọn, pé, "Ọkùnrin yìí máa pa mí." Bwembya, Bemba bíi tirẹ̀, da ojú délẹ̀ fún ẹ̀rín: "Ajẹ̀kúté yìí? Kó kọ́kọ́ pa eku ná ká wò ó!"

Ọgbọ̀n ọdún ìgbéyàwó wọn pé. Ọmọ wọn obìnrin, Thokozile, tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ní Lusaka, wá sílé, ó ní òun fẹ́ rán àwọn méjèèjì lọ ṣe fàájì níbikíbi tí wọ́n bá fẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí. Kí wọ́n ṣáà yan ibẹ̀.

Kasuba ti yan ibẹ̀ tipẹ́. Samfya ni. Kapesa àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ní ọkọ̀ ìpẹja, ó ní ilé. Bí Kasuba bá lè fi ẹsẹ̀ kan iyanrìn Samfya, kò ní padà mọ́, ojú Kapesa kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fà á lọ. Ṣùgbọ́n Nzima kò jẹ́ kí ó dé ibẹ̀ rí. Nígbà tí ìyá Kasuba kú níbẹ̀, ńṣe ni Nzima gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kùmọ̀ lé itan, ó sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi sin òkú tán. Bí wọ́n bá yan ibòmíràn báyìí, ta ló tún máa bi í pé níbo ló fẹ́ lọ? Ọjọ́ yìí nìkan ló ní.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn jókòó sábẹ́ máńgòrò. Nzima wà lórí àga, kùmọ̀ láàárín ẹsẹ̀. Ìyá Nsofwa wà lórí ẹní. Bwembya wá pẹ̀lú àwọn aládùúgbò bíi mélòó kan tí wọ́n ti gbóòórùn adìyẹ. Thokozile ń fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù. Kasuba ń ro nshima, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo, nínú ìkòkò ńlá lórí ààrò èédú, ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn díẹ̀, etí ọ̀tún sí wọn.

"Bàbá, níbo lẹ fẹ́?"

"Livingstone," ni Nzima wí. "Kí n lọ fi omi tó ń já han ẹrú mi."

Bwembya ní, "Thoko, má jẹ́ kí baba rẹ sún mọ́ etí ibẹ̀ o. Bó bá rí eku nísàlẹ̀, á bẹ́ tẹ̀ lé e!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kasuba kò gbé ojú sókè.

"Mo ti dé Livingstone," ni ó wí. "Ọdún tí a ṣègbéyàwó ni. Inú ọkọ̀ àgbàdo la sùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wo omi náà díẹ̀ sí i. Eyín mi méjì wà níbẹ̀ títí dòní."

"Owó ìwọlé ló fi san!" Bwembya lu itan rẹ̀. "Bemba kì í náwó, eyín ló ń ná!"

Nzima rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ò rí i pé ẹrú mi lẹ́nu."

"Siavonga ńkọ́, Màámi?" Thokozile ń fi ìka ti àwòrán. "Ẹ wò ó, ilé ìtura létí omi. Wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé yín káàkiri."

"Siavonga ni etí òsì mi wà. Mo kí ọkùnrin tó ń ta ẹja kapenta létí ọ̀nà. Mo ní, 'Ẹ kú ọjà.' Baba rẹ fi ìdí ìgò gbá mi létí."

"Ó tọ́ sí i!" ni obìnrin kan wí láàárín àwọn aládùúgbò. "Ta ló ní kí ẹrú máa kí èèyàn láìgbàṣẹ?"

Ẹ̀rín tún sọ. Ìyá Nsofwa náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ sí etí òsì Kasuba, kò sì kúrò níbẹ̀. Nzima ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí kùmọ̀ po lórí ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Màámi, ẹ ò ní pa wá lẹ́rìn-ín," ni Thokozile wí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ya dáadáa mọ́. "Ó dáa, Mfuwe. Ẹ máa rí erin, ẹ máa rí kìnnìún."

"Mfuwe dára. Kìnnìún ibẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan." Kasuba gbé orógùn lé etí ìkòkò. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ jáde kí gbogbo wọn lè rí ibi tí egungun ti wọ́. "Irin jáàkì ni. Oyún wà nínú mi nígbà náà, èyí tó ṣáájú rẹ. Apá ṣẹ́, ó tún so padà. Èyí tó wà nínú kò so."

Bwembya ti ya ẹnu rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín náà jáde, ṣùgbọ́n ó kúrú.

Thokozile da ojú fóònù délẹ̀ lórí itan. "Màámi?"

"Ìwọ lo bi mí pé níbo ni mo fẹ́, ọmọ mi. Mo ń dá ọ lóhùn ni. Gbogbo ibi tí ẹ dárúkọ yìí, ẹ̀jẹ̀ mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Samfya ni mò ń lọ. Ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dé."

Nzima ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Samfya? Kí n lọ jókòó láàárín àwọn ajọ̀bọ? Ajọ̀bọ, gbọ́ mi. Bí o bá tẹ ẹsẹ̀ sí ọ̀nà Samfya, màá fọ́ orí rẹ bí elégédé."

Àyà gbogbo wọn balẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n mọ̀ ti padà dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

"Fọ́ ọ, ọ̀gá, fọ́ ọ!" Bwembya ń pariwo. "Àwa á fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀!"

Nzima dìde, ó sì gbé kùmọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ bà á léjìká. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá la igi gbígbẹ. Kasuba wó lulẹ̀ lórí orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kejì bà á níwájú orí. Awọ ya, ẹ̀jẹ̀ dà bo ojú rẹ̀ kan, ó ń kán sínú iyẹ̀pẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì tíì dúró. Ó ń lọ bí ọkọ̀ àjàgbé tí bíréèkì rẹ̀ já lórí òkè. "Ajẹ̀kúté o! Ajẹ̀kúté ti jí!" Bwembya ṣì ń wí bẹ́ẹ̀ nígbà tí Thokozile fò dìde tó sì di ọwọ́ baba rẹ̀ mú.

"Bàbá! Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ fi sílẹ̀!"

Nzima fi ìdí kùmọ̀ gún un lẹ́nu. Ètè ọmọ náà là sí méjì. Ó ṣubú sẹ́yìn, orí rẹ̀ gbá ẹsẹ̀ àga, ó sì ń wá afẹ́fẹ́ bí ẹja orí ilẹ̀.

Ìgbà náà ni Ìyá Nsofwa dìde lórí ẹní, tí ìró rẹ̀ ń tú. "Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀!" Ohùn rẹ̀ la gbogbo àgbàlá já. "Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀! Kì í ṣe chimbuya! Kò fìgbà kan jẹ́ ẹ̀fẹ̀ rí!"

Ẹ̀rín dúró, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò mira. Ọwọ́ Bwembya tó fẹ́ fi lu itan ṣì wà lókè. Nzima kò gbọ́, tàbí ó gbọ́ tí kò sì kà á sí. Ó ti yí sí ọmọ rẹ̀. Ó gbé kùmọ̀ náà sókè kọjá orí.

Kasuba fi etí aṣọ rẹ̀ di ìkòkò nshima mú. Nshima náà ti ki, ó ń hó, ó ń tú fùù, ó ń ta sí i lọ́wọ́. Ó gbé e, ó sì da gbogbo rẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ láti àyà títí dé itan.

Omi gbígbóná á jó ni, á sì ṣàn lọ. Nshima kì í lọ. Ó lẹ̀ mọ́ ọn. Nzima ké, igbe tí wọn kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ju kùmọ̀ nù, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ya á kúrò lára, bí ó sì ti ń ya á ni awọ ń bá a lọ, ọwọ́ tó fi ń ya á náà ń jó. Ó wó lulẹ̀, ó ń yí gbirigbiri nínú iyẹ̀pẹ̀. Kùmọ̀ yí lọ dúró sí ẹsẹ̀ Bwembya.

Kasuba dúró tì í, orógùn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ lójú. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ rẹ́rìn-ín," ni ó wí. "Mo ń bá ẹrú mi ṣeré ni."

Ó na orógùn sí aládùúgbò rẹ̀.

"Bwembya. Ṣebí ẹ̀fẹ̀ ni? Rẹ́rìn-ín ká gbọ́."

Bwembya ń wo kùmọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí igi rí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e, ó sì jù ú sínú iná ààrò.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, Ìyá Nsofwa ló pàdé wọn lẹ́nu géètì. "Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi," ni ó wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó pa ẹnu mọ́. Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ náà gùn." Bwembya sọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sì fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Àwọn ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ ẹnu Kasuba náà sílẹ̀, wọ́n sì ní kí ó lọ tọ́jú orí rẹ̀.

Nzima kò kú. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ilé ìwòsàn, wọ́n fi báńdéèjì dì í láti ọrùn dé orúnkún. Nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan mú, ó ní, "Ìyàwó mi ló ṣe mí báyìí. Bemba ni. Ó da nshima gbígbóná lé mi lára. Ó fẹ́ pa mí."

Ọmọ Bemba ni nọ́ọ̀sì náà. Ó wo orúkọ tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó rí i pé ti Ngoni ni, inú rẹ̀ sì dùn. "Ẹ̀yin ajẹ̀kúté!" ni ó wí. "Ta ló ní kí ẹ wọ inú ìkòkò lọ wá eku?" Àwọn aláìsàn tó wà ní ibùsùn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Nzima ń ké pé òótọ́ lòun ń sọ, òótọ́ ni, ẹ gbọ́ mi. Bí ó ti ń ké ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i.

Thokozile àti ìyá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Samfya, ọ̀kan pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ tí wọ́n rán ní ètè, èkejì pẹ̀lú èyí tí wọ́n rán níwájú orí. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì ń wò wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè nǹkan kan. Kapesa ti ń dúró dè wọ́n létí adágún, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Nígbà tí ó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jáde kúrò nínú omi. Ó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

Iyanrìn ibẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun àgbàdo, oòrùn ọ̀sán sì ti mú un móoru. Kasuba tẹ́ ìró chitenge rẹ̀ sílẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ó wà bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó ń tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ó yí ara padà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ó ti etí tó ń gbọ́ràn bọ inú iyanrìn, etí tó kú ló wà lókè.

"Màámi," ni Thokozile pè é, "Àbúrò yín ní ẹja ti jinná."

Thokozile rìn wá dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, òjìji rẹ̀ ṣíji bò ó. Ó tún pè é.

Kasuba kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti sùn lọ.