Bútà Mẹ́tàlélógójì Lórí Ìlà

Ní ọdún tí kọ̀róná dé, inú oṣù ààwẹ̀ ni ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú bọ́ sí, ìyá mi Sẹ̀kínátù sì sọ fún wa pé òun yóò lọ dìbò. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Àyà rẹ̀ kò dára rárá. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, a ó sì máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí yóò fi sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi Àbdùlhàfíìsì, tó ní ọgbà ọkọ̀ akẹ́rù ní Zongo, àdúgbò wa, ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ẹni tí àyà ń dà láàmú kì í lọ síbi tí èrò ti ń mí síra wọn lójú. Ẹ jókòó sílé. Ìbò ẹnì kan kò lè yí Parakou padà."

Ìyá kò bá a jà. Ó kàn ní, "Àbdùlhàfíìsì, ìwọ ti dìbò rí. Èmi ò dìbò rí."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yìn ọjà Arzèkè ní Parakou níbí ni wọ́n bí i sí; Ìsẹ́yìn ní Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti ru aṣọ wá. Kò gbé ìlú mìíràn rí. Ṣùgbọ́n kò ní ìwé ìbí, nítorí náà kò sí biyúrò ìjọba tó wọ̀ tí ìbéèrè kò pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Níbo ni wọ́n bí ọ sí? Ta ni bàbá rẹ? Ṣé ará Nàìjíríà kọ́ ni ọ́? Ọdún tó ṣáájú kọ̀róná ni káàdì ìdìbò rẹ̀ tó jáde, lẹ́yìn tí àwọn arúgbó méjì tó jù ú lọ dúró níwájú adájọ́, tí wọ́n búra pé ojú àwọn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un, abẹ́ ìrọ̀rí ló fi káàdì náà sí, ó sì sùn lé e.

Èmi Àràmọ́tù, inú mi ń tètè bí. Gbogbo Arzèkè ló mọ̀. Àwọn oníbàárà mi ní aṣọ mi kò lẹ́gbẹ́, ẹnu mi nìkan ni àwọn ń sá fún. Mo wá dìde níwájú ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni màá mú Ìyá lọ, èmi náà ni màá mú wọn bọ̀, bí wọ́n ṣe ń mí lọ ni wọn ó ṣe máa mí bọ̀."

"Bí àrùn bá ti ibẹ̀ wọlé ńkọ́?"

"Kó wà lórí mi."

Ẹnu dùn-ún fi ṣe. Ìgbà tí mo jókòó sí ìsọ̀ aṣọ mi lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀rù tó bà mí. Gbogbo wa ló mọ bí a ṣe ń tò ní ìlú yìí: àyà ẹni ẹ̀yìn á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹni iwájú, nítorí bí àyè bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ẹnì kan á yọ́ wọ̀ ọ́. Ìyá mi á ha dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta?

Níbi ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ni mo ti rí ìdáhùn. Níbẹ̀, ènìyàn kọ́ ló ń tò, garawa ni. O gbé garawa rẹ kalẹ̀, o lọ jókòó síbi tí ó wù ọ́, ipò rẹ sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ẹni bá sún garawa ẹlòmíràn, ìjà ló dá sílẹ̀. Mo ní, ó dáa, bí garawa bá lè tò fún omi, bútà tí a fi ń ṣe àlùwàlá lè tò fún ìbò. Omi ìfọwọ́ á sì wà nínú rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Ìkírámátù, aládùúgbò mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní, "Ìyá ọkọ mi náà ńkọ́?" Kí ó tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, obìnrin mẹ́tàlélógójì ti fi orúkọ sílẹ̀, àgbà àti ọ̀dọ́.

A kọ́kọ́ dán an wò nínú àgbàlá wa. Àṣé ọgbọ́n mi kò tíì pé. Ìsọ̀ kan náà ni gbogbo Zongo ti ń ra bútà oníke: gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ aláwọ̀ ewé tó ní ìlà funfun. Nígbà tí mo ní kí kálukú gbé tirẹ̀, Ìkírámátù di ọwọ́ bútà kan mú, Kàsìmáwò orogún rẹ̀ di ẹnu bútà yẹn kan náà mú, àwọn méjèèjì sì ń gbààwẹ̀! Ìyá mi rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti yọ ìbomú. Mo sáré lọ sí ìsọ̀, mo gé etí aṣọ mẹ́tàlélógójì, kò sí méjì tó jọra, mo so wọ́n mọ́ ọrùn bútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹni bá gbàgbé aṣọ tirẹ̀, kó padà sílé lọ dáná.

Iṣẹ́ Ìyá le ju tiwa lọ. Ìbomú ń fún un lọ́rùn. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ló wí, "ẹ̀yin wá ní kí n bo tèmi." Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́ jókòó, á máa ka tẹ̀súbáà. Bí èémí bá ti kúrú, á yọ ọ́, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò lè ka tẹ̀súbáà náà yí ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó fi di Sátidé, ó kà á yí ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ ìdìbò, a dé ilé-ìwé tí a ti ń dìbò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mo mú mẹ́tírì irin tí mo fi ń wọn aṣọ, mo sì fi wọn àyè láàárín bútà kan sí èkejì láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀bá ọgbà. Àwọn obìnrin fọ́n ká sábẹ́ àwọn igi máńgòrò. Mo gbé àga Ìyá síbi tó jìnnà jù.

Àwọn ọkùnrin wá dé. Wọ́n rí bútà, wọn kò rí ènìyàn, wọ́n bá kọjá lọ dúró síwájú, èjìká kan èjìká. Ẹnì kan láàárín wọn ń wúkọ́. Mo pe Gàní, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi ṣọ́ ìlà.

"Tàǹtí," ló wí, "bútà kò ní kàátì ìdìbò. Ènìyàn ló ń vòté." Ó gbé bútà àkọ́kọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbé èkejì.

Mo bú u. Mo bú àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó ṣẹ́kù nínú ààwẹ̀ mi lọ́jọ́ yẹn. Bí mo ṣe yíjú, ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé pẹ̀lú ọ̀kadà rẹ̀.

"Ṣé mo wí?" ló ní. "Ìyá, ẹ dìde, ká máa lọ."

Ìyá dìde. Mo rò pé ó ti parí, pé ẹnu mi ló bà á jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó já apá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó rọra ń rìn bọ̀ ní gbangba, ó gbé bútà rẹ̀ padà sí ipò kìíní, ó sì dúró tì í.

"Èmi ni mo ni bútà yìí," ló sọ fún Gàní. "Kàátì mi rèé."

Ìkírámátù náà bọ́ síta, ó dúró ti tirẹ̀. Kàsìmáwò tẹ̀ lé e. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, obìnrin mẹ́tàlélógójì ti dúró ti bútà wọn láìpariwo, àyè mẹ́tírì kan láàárín ẹnì kan sí èkejì, títí dé ẹ̀bá ọgbà. Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní ń yẹni. Mo wo àwọn ènìyàn mi, orí mi wú.

Olórí ibùdó ìdìbò jáde wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ kan ni, ará Ìdàáṣà, Ọlọ́runfẹ́mi lorúkọ rẹ̀. Ó wo àwọn ọkùnrin, ó wo àwa náà.

"Ta ló to ìlà yìí?"

"Èmi ni," mo dáhùn, mo ti múra ìjà.

"Ẹ ṣeun, Mà." Ó yíjú sí Gàní. "Mẹ́tírì kan ni wọ́n ní ká fi sílẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni mo rí nínú ọgbà yìí tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ bọ́ sẹ́yìn bútà tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ padà sábẹ́ igi yín, a ó máa pè yín."

Ẹ wá wo àwọn ọkùnrin! Wọn ò ní bútà lọ́wọ́. Ọ̀kan fi akoto ọ̀kadà rẹ̀ to ìlà, òmíràn bọ́ bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó ń tiro lọ sábẹ́ igi. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ wá yá mẹ́tírì mi láti fi wọn ìlà wọn. Mo yá a, mi ò sì sọ ohun tó wà lẹ́nu mi.

Wọ́n pe Ìyá. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó. Wọ́n ní kó fa ìbomú sísàlẹ̀ kí àwọn rí ojú rẹ̀, ó fà á, wọ́n ka orúkọ rẹ̀ pé, ó ní, "Èmi nìyẹn." Ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ó pẹ́ níbẹ̀, mo ti fẹ́ wọlé lọ wò ó. Nígbà tó jáde, ó ti ká ìwé rẹ̀ dáadáa. Ó jù ú sínú àpótí, ó sì dúró wò ó díẹ̀, kí ó tó na ìka fún wọn láti fi tàdáwà sí. Mo sunkún. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi.

Kí n yára sọ ọ́: àrùn kankan kò wọ ilé wa. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo kà, mo sì lọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ọgbà ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdìbò yẹn, lẹ́nu géètì ilé-ìwé, ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ fi ọ̀kadà gbé Ìyá lọ sílé. Ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí.

"Ìyá, ta lẹ wá dìbò fún?"

Àwọn tó dúró nítòsí yíjú, kí wọ́n lè gbọ́. Ìyá mi, tó ti ń dá ẹnikẹ́ni tó bá bi í léèrè lóhùn láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ìyẹn ò kàn ọ́," ló wí. "Gbé mi relé."