Àwọn Ewé Tí Eligio Fà Tu

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá mi, Nicolasa, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń jẹun, ó ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá bá a sọ̀rọ̀, ńṣe ni yóò kàn máa wò wá. Dókítà ní ká ṣì ní sùúrù. Ẹ̀rù ń bà mí pé ohùn ìyá mi ti lọ nìyẹn, torí mo ti ń gbàgbé bó ṣe ń dún.

Ọmọ ìgboro ni Eligio ọkọ mi, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò mọ nǹkan kan nípa oko. Ó ní òun fẹ́ ran ìyá mi lọ́wọ́, ló bá jí lọ sóko àgbàdo rẹ̀, ó fa gbogbo ohun tí kì í ṣe àgbàdo tu, ó kó wọn fún ẹlẹ́dẹ̀. Ó wá ń yangàn pè wá pé ká wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Lọ́dọ̀ wa, ewé tó ń dá hù láàárín àgbàdo la fi ń se ọbẹ̀ títí àgbàdo yóò fi gbó. Mo fẹ́ dí ìyá mi lójú, àmọ́ ó ti rí i. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Huauhquilitl dà?" Ohùn rẹ̀ há. Tẹ̀tẹ̀ ló ń bèèrè ní èdè wa.

Eligio ṣí fìlà.

"Ewé papaloquilitl ẹ̀bá òkúta yìí ńkọ́? Epazotl tí mo fi ń se ẹ̀wà ńkọ́? Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé bíríkì lo fẹ́ tò síbí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má dákẹ́," ni Eligio wí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ máa bú mi lọ."

Ó sì bú u dáadáa. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka, ó ń dárúkọ ewé, ó ń dárúkọ ilẹ̀, èyí tó jẹ́ yanrìn àti èyí tó ń gba omi dúró. Orúkọ mìíràn wà níbẹ̀ tí n kò gbọ́ rí. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi yíjú sí mi.

"Dìde, Otilia. Ẹyọ ewé kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lo jókòó lé yẹn."