Omi Gbígbóná

Ife kẹta nìyí tí Nọ́ọ̀sì Bernie gbé ka iwájú Bàbá Idwal, omi inú rẹ̀ ń rú èéfín. Bàbá náà tì í sẹ́yìn. Ó tún fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Dŵr poeth."

"Ṣé kò tíì gbóná tó ni, bàbá?" Nọ́ọ̀sì Bernie yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mẹ́ta tó dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì. Fóònù ní èdè Wales ni, omi gbígbóná ni ìtumọ̀ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ohun tí wọ́n béèrè ni mo gbé fún wọn."

Fóònù kò purọ́. Omi gbígbóná ni ọ̀rọ̀ méjèèjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí Mererid, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ti wá, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò sáré lọ gbé omi kaná. Àyà ló ń ta onítọ̀hún, nǹkan kíkan ló ń ru gòkè láti inú ikùn. Láti kékeré ni Mererid ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé bàbá náà láti Wales kọjá ààlà wá sí Liverpool, ní England, láti tún egungun ìbàdí rẹ̀ tó kán ṣe. Látìgbà tó ti jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó ní ti sá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ife kẹta náà, Dókítà Ashworth, ọ̀gá wọn, dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́ èdè Wales nínú wọn. Hugo, ẹlẹgbẹ́ Mererid, rẹ́rìn-ín, ó ní àgùntàn nìkan ló kù tó ń sọ ọ́. Mererid tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Bàbá Idwal ní tirẹ̀ ń wo káàdì tó wà láyà ọmọbìnrin náà, tó gbé orúkọ rẹ̀ tòótọ́. Ó pè é ní Mererid, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é gẹ́lẹ́. Ọmọbìnrin náà yíjú sí fèrèsé.

Mary ló ń jẹ́ ní yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí Hugo bá a ní kíṣìnì ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi tó ti ń fi èdè Wales bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó sì ké bí àgùntàn, tí gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rín in. Látìgbà náà, ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn garawa ìdọ̀tí, ló ti ń pe ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Àwọn ènìyàn rò pé egungun àti iṣan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ní ti Mererid, bí a ṣe ń fara pamọ́ ló kọ́kọ́ kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní aago kan ọ̀sán, òun nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọrùn ọwọ́ bàbá náà mú. Ọwọ́ náà tutù, òógùn bò ó, iṣan ibẹ̀ sì ń sáré. Kó tó pe ẹnikẹ́ni, bàbá náà bì. Ohun tó bì dúdú bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú ti ara ẹni ni wọ́n ń sọ, wọn ò ní kí á fi ti ẹlòmíràn dípò.

Ó figbe ta. Nígbà tí Dókítà Ashworth sáré dé, Mererid ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi èdè abúlé wọn bẹ bàbá náà. Ẹnu ya Nọ́ọ̀sì Bernie.

"Bi wọ́n pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀," ni dókítà wí.

Ó bi í. Bàbá Idwal wò ó títí. "Sọ fún un pé ìsinsìnyí ni, ọmọ mi."

Àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́ ọ. Ohunkóhun tí Mererid bá sọ ni wọn yóò gbà, wọ́n tilẹ̀ lè yìn ín lé e. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Bàbá ní kí n sọ pé ìsinsìnyí ni," ó wí. "Àṣírí mi ni wọ́n ń bò. Láti aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń sọ pé àyà ń ta wọ́n. Mo gbọ́, mi ò sọ."

Dókítà Ashworth kọ aago náà sílẹ̀. Kò bá a wí, èyí sì dùn ún ju ìbáwí lọ. Ó ní kí wọ́n máa gbé bàbá lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kí Mererid tẹ̀ lé e, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ, Bàbá Idwal ò bi í ìdí tó fi dákẹ́. Ohun tí àgbàlagbà ìlú wọn kì í ṣàì béèrè ló béèrè.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Gwilym ni mí, ti oko Tyddyn Isa."

"Gwilym." Ojú bàbá náà tàn díẹ̀. "Ọdún tí yìnyín há wa mọ́lé, òun ló gbé oúnjẹ wá fún wa, n kò tilẹ̀ ránṣẹ́ pè é." Ó fún ọwọ́ Mererid mọ́ra. "Abájọ. Ẹni bíni là á jọ."

Ọdún mẹ́ta ni Mererid ti ń bẹ̀rù kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ baba tó bí òun. Bí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ ṣe ń ṣí, ó rí i pé ohun tí òun ń bẹ̀rù báyìí ni kí baba òun mọ irú ọmọ tó bí.