Gegele Iwájú Àtẹ̀gùn

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìyá ọkọ ò lè torí ilẹ̀ gbágungbàgun bá èèyàn jà, kó wá bi aránṣọ yìí. Ó fẹ́ kó máṣíìnì rẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ọkọ rẹ̀ sì ti gbà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kọnkéré ibẹ̀, ẹ má wò ó. Ó lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tún yọ gegele ńlá kan síwájú àtẹ̀gùn. Bí ó bá gbé máṣíìnì síbẹ̀, ijó ni yóò máa jó.

Ó pe bíríkìlà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gúnrégé. Gúnrégé ò tíì na okùn tán tí Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, fi sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Màmá, kò tẹ́jú ni."

"Bàbá ọkọ ẹ ló fọwọ́ ara wọn dà á. Mo ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀."

Aránṣọ ní kí Gúnrégé ká okùn rẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ ò dákẹ́. Màmá yìí kan náà, nígbà tí bàbá wà láyé, ló máa ń bú ilẹ̀ náà lójú wọn pé ẹni tó mutí yó ló dà á. Ìgbà wo ni ilẹ̀ ọ̀hún wá di ọmọ tuntun? Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Ohun tó rí ò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Màmá á bọ́ bàtà sórí àtẹ̀gùn, wọn ò ní tan iná, wọ́n á máa lọ nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá dé orí gegele náà, wọ́n á dúró, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wò ó bóyá ẹnìkan ti hú nǹkan níbẹ̀, kí wọ́n tó yà sọ́tùn-ún, síbi àpótí wọn. Ta ló ń rìn lókùnkùn nínú ilé ara rẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́? Wúrà ni, àbí kí ni? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kò lè sọ fún ọkọ rẹ̀, kó má bàa dà bí ẹni tó fẹ́ lé ìyá rẹ̀ kúrò nílé. Ìyẹn ti máa ń wí pé lọ́jọ́ tí Màmá ò bá lè dá rìn nínú ilé mọ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ni wọn ó lọ máa gbé. Èsì Màmá kò ju ẹyọ kan lọ: ikú yá ju ẹ̀sín, inú ilé táwọn fọwọ́ àwọn kọ́ làwọn ó kú sí.

Nígbà tí Màmá lọ kí ọmọbìnrin wọn yìí, aránṣọ ránṣẹ́ sí Gúnrégé kíá, ó sì dúró tì í bí ọlọ́pàá. Gúnrégé fọ́ gegele náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi sìmẹ́ńtì àti òkúta.

"Gbẹ́ ẹ sí i."

"Màdáámù, ṣé ilẹ̀ lẹ ní kí n tẹ́ ni, àbí kànga lẹ ní kí n gbẹ́?"

Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ìfura ò kúrò. Bóyá Màmá ti kó o lọ. Gúnrégé gbálẹ̀, ó po sìmẹ́ńtì tó ń ṣàn, ó dà á, ó fi igi gígùn fà á, ilẹ̀ náà sì tẹ́ bí omi inú àwo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Màmá padà dé, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún wọn. Aránṣọ jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ nísàlẹ̀, iná ń tàn yòò lókè orí rẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Ó fẹ́ rí ojú wọn nígbà tí wọ́n bá rí i pé gegele ti lọ.

Màmá bọ́ bàtà. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n fà á sọ́tùn-ún, wọ́n fà á sósì. Wọ́n rìn díẹ̀ sí i, wọ́n na ọwọ́, ọwọ́ ò ba nǹkan kan. Wọ́n yíjú sí aránṣọ gan-an, wọ́n wò ó tààrà. Aránṣọ ju ọwọ́ sí wọn. Ojú Màmá ò tẹ̀lé e.

"Ìyàwó mi," Màmá gbé ohùn sókè, "ṣé o wà lókè?"

Ìtìjú bo aránṣọ látorí dé ẹsẹ̀. Màmá ò ríran mọ́. Gegele yẹn ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọn ó ti yà, òun ni kò jẹ́ kí ọmọ wọn mọ̀, kó sì mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun aránṣọ ló sì ní kí wọ́n fọ́ ọ. Bí ó bá dáhùn níbi tó wà, Màmá á mọ̀ pé àṣírí ti tú. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó gun àtẹ̀gùn, ó sì dáhùn látòkè:

"Mo wà níbí, Màmá. Mò ń bọ̀."

Ó wá ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì gbì sọ̀kalẹ̀, ó di ọwọ́ wọn mú. "Ẹ má bínú, mo ní kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ yìí nígbà tẹ́ ò sí nílé. Ó ti wá ń yọ̀ jù. Màá ní kí Gúnrégé padà wá ṣe gegele yẹn sáyè ẹ̀."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú le.

"Iwájú àtẹ̀gùn gan-an ni o," wọ́n ní. "Kó má lọ gbé e síbòmíì."