Ohùn Ìyàwó Nínú Àwo

Láti ìgbà tí Oníbúrẹ́dì ti wọlé ọkọ ló ti ń sọ ọ́ pé òun kọrin nínú àwo rí. Kì í ṣe orin tí èèyàn ń kọ nídìí ààrò o. Àwo gidi, èyí tí wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ, tí abẹ́rẹ́ ń họ lẹ́yìn! Ó ní òun ò tíì pé ogún ọdún nígbà náà, ẹgbẹ́ olórin kan ń wá obìnrin tí yóò máa gbe orin, àti pé ibì kan wà nínú orin náà tí gbogbo wọn dákẹ́, tí òun nìkan gbé ohùn sókè réré. Wọ́n fún un ní àwo kan. Ó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní in, ọ̀rẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn, àwo bá a lọ. Bí ẹ̀rí ṣe lọ nìyẹn.

Ó wá lọ ko ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀rí-Dà ni gbogbo ẹbí ń pe ìyá yẹn, torí bí o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, á ní kí o fi aṣọ tó tutù han òun. "Ìyàwó, o kọrin nínú àwo? Ẹ̀rí dà?" Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń bi í. Bí àlejò bá wà níjokòó, á tún fi kún un pé: "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a o!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì náà á fi imú rín tirẹ̀, hìn-ìn hìn, ẹ̀rín tí Ẹ̀rí-Dà ti sọ lórúkọ láti ọjọ́ tó ti dé ilé wọn: ẹ̀rín ewúrẹ́. Ó ń rín lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ta ni inú ẹ̀ máa dùn kí wọ́n máa pè é ní òpùrọ́ nílé ọkọ?

Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi kanlẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń fi títún ẹ̀rọ ṣe jẹun, já wọlé pẹ̀lú sídì kan tó ń dán lọ́wọ́.

"Mọ́mì, mo ti rí i! Mo rí orin yín! Oníbàárà mi kan ló ní in nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀."

"Yéè! Jẹ́ kí n gbọ́! Rárá, dúró ná. Lọ pe Mọ́mì Àgbà wá kọ́kọ́. Ojú ẹ̀ ló máa ṣe lónìí!"

Ilé Ẹ̀rí-Dà ò ju ẹ̀yìn ògiri lọ. Ó dé tòun ti abẹ̀bẹ̀, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí adájọ́. Bàbá, ìyẹn ọkọ Oníbúrẹ́dì, ti wà lórí àga rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà tó wà nídìí fèrèsé, ìwé ìròyìn bò ó lójú, ó ń sùn. Sípíkà kejì wà lọ́ọ̀ọ́kán nídìí ilẹ̀kùn.

Ọmọ ti sídì sẹ́nu ẹ̀rọ DVD, ẹ̀rọ gbé e mì. Orúkọ orin tò sójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n pọ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ.

"Orin ọgọ́jọ ló wà níbẹ̀," ọmọ ń fọ́nnu. "Mo fún gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra ni. Ohun tí ì bá gba àwo mẹ́wàá, mo kó o sínú ẹyọ kan!"

Orin bẹ̀rẹ̀. Gìtá wọlé, ìlù wọlé, àmọ́ agogo ń dún ṣìì-ṣìì bí ẹyin tí wọ́n dà sínú òróró gbígbóná. Oníbúrẹ́dì ò tiẹ̀ bìkítà. Ó ti dìde dúró, ó na ìka sókè. "Ó kù díẹ̀... ó ti ń bọ̀... òun nìyí!"

Ibẹ̀ dé. Gbogbo olórin dákẹ́. Kò sí ohùn kankan. Ìlù ń lọ kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, àwọn ọkùnrin bá tún gba orin náà, ó sì parí.

"Ẹ̀rí dà?" ni Ẹ̀rí-Dà wí.

Oníbúrẹ́dì sọ ìka rẹ̀ kalẹ̀. Kò ṣiyè méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí rí, àfìgbà yẹn. Àbí wọ́n ti yọ òun kúrò lẹ́yìn tí òun lọ tán? Àbí nǹkan tí kò sí ni òun ti ń fi yangàn látọjọ́ yìí?

"Mọ́mì, ẹ̀bi mi ni," ọmọ ń bẹ̀bẹ̀. "Bí a bá fún orin pọ̀ kó lè kéré, ó máa ń gé àwọn ohùn tó tínrín dànù. Ó lè jẹ́ pé ó ti gé tiyín."

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀rọ ló gbé e jẹ!" Ẹ̀rí-Dà fi abẹ̀bẹ̀ lu itan. "Tó bá dọ̀la, ajá ló gbé e jẹ."

Oníbúrẹ́dì ní kí ọmọ tún un gbé, ó sì lọ fi etí lé sípíkà ìdí fèrèsé. Ojú rẹ̀ là.

"Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá tó ń gba ohùn wa sílẹ̀ kó àwọn ọkùnrin sápá kan, ó fi èmi sápá kejì. Nígbà tó gbé e fún wa gbọ́, sípíkà kan ló ń gbé ohùn tiwọn jáde, èkejì ń gbé tèmi. Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí eléyìí ò sọ nǹkan kan?"

Ọmọ yọjú sẹ́yìn ẹ̀rọ. Wáyà pupa wà nínú ihò tirẹ̀. Èyí funfun ń fì dirodiro lẹ́yìn kábọ́ọ̀dù, eruku ti bò ó.

"Ta ló yọ èyí?"

Ìwé ìròyìn mì pàràpàrà. "Èmi ni," ohùn Bàbá jáde lábẹ́ rẹ̀. "Ó ń pariwo sí mi létí tí mo bá ń sùn."

"Olówó orí mi! Ṣé ẹ̀yin lẹ wá dì mí lẹ́nu?"

Ọmọ ti ki wáyà bọ ihò. Orin tún dé ibẹ̀, ohùn obìnrin kan là jáde lápá fèrèsé! Oníbúrẹ́dì fò sókè. Ọmọ pàtẹ́wọ́. Bàbá ju ìwé ìròyìn nù.

Àfi Ẹ̀rí-Dà. Ó fún ojú pọ̀. "Mo gbọ́ obìnrin, n ò ní purọ́. Àmọ́ ó ń dún bí ẹni tó há sínú kèrègbè. Èèyàn méló ló lè jẹ́! Ẹ̀rí pé ìwọ ni dà?"

Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀. Ohùn náà há, ṣìì-ṣìì yẹn sì bò ó, débi pé Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ò lè búra.

"Ẹ ní sùúrù fún mi," ọmọ wí, ó ti ń tú báàgì rẹ̀. "Èyí tí mi ò tíì fún pọ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà mi níbí. Òun nìkan ni màá dá kọ sínú sídì odindi. Kó na ẹsẹ̀ bó ṣe fẹ́."

Kọ̀ǹpútà ń kùn, gbogbo wọn ń wò ó. Oníbúrẹ́dì tú gèlè, ó tún un wé, ó tún un tú. Nígbà tó yá, sídì tuntun wọ ẹnu ẹ̀rọ.

Háà! Ẹ wo orin! Agogo tó ń dín ẹyin lẹ́ẹ̀kan wá ń dún gooro. Gìtá mọ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ ìka tó ń fà lórí okùn. Ẹnìkan húkọ́, Bàbá sì yíjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló wọlé?"

"Inú orin ni, Bàbá!"

Ibẹ̀ dé. Ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin kan gòkè, olóhùn iyọ̀, ó lọ sókè, ó dúró níbẹ̀, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Bí ohùn náà ṣe parí, kí àwọn ọkùnrin tó gba orin, níbi tó jẹ́ pé ṣìì-ṣìì nìkan ló wà lẹ́ẹ̀kan, ẹnìkan rọra fi imú rẹ́rìn-ín.

Hìn-ìn hìn.

Òun alára ti gbàgbé. Inú rẹ̀ ló dùn lọ́jọ́ náà pé òun gbé e débi tó yẹ, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí ọ̀gá fi ń fojú bá a wí.

Ẹ̀rí-Dà dìde, abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rín ewúrẹ́!" ló kígbe. "Ẹ̀rín ewúrẹ́ ni! Ìyàwó, ìwọ mà ni! Ta ló tún ń rín báyìí láyé?" Ó gbá a mọ́ra, ó ń mì ín jìgìjìgì, omi sì ti ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. "Gbogbo ọdún yìí! O wá jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní òpùrọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí mò ń sọ fún yín..."

"Dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́ ọ! Ìwọ ọmọ, tún un gbé, kó o gbé ohùn ẹ̀ sókè." Ó ti sáré débi fèrèsé, ó ṣí i gbayawu, ó nawọ́ sí aládùúgbò kan tó ń kọjá lọ. "Màmá, ẹ wá o! Ẹ wá gbọ́ ìyàwó wa nínú àwo!"

Obìnrin náà dúró, ó tẹ́tí, ó mi orí. "Ìyàwó yín? Òun kẹ̀? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ẹ̀rí-Dà bínú. "Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò tó yín ni?"